Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì wa ti kú tán. Fúláwà wo ló lè la ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ já?

ỌmọAjílété | Sátidé, oṣù kìíní, 7:40 àárọ̀

Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi débí. A kó wọ ilé tuntun ní ọ̀nà Ìlọrin lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ íńtálọ́ọ̀kì kárí ojúde, pé ooru ẹ̀ á máa gun òun lórí, òun fẹ́ koríko bíi ti àwọn ilé tóun ń rí nínú fóònù. La bá pe ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ fúláwà, n ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó kó kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì wá nínú oṣù keje, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi àdá àti ọkọ́ ṣán gbogbo ilẹ̀ yẹn kó mọ́ nini, ó wá tẹ́ koríko sí i, mítà 10 níbùú, mítà 12 lóròó, ó gbin ìxora yí i ká, ó fi igi masquerade mẹ́rin dúró lẹ́nu géètì bíi sójà. Ó rẹwà, n ò ní parọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án àwọn àlejò ti ń ya fọ́tò lórí ẹ̀.

Ọyẹ́ wá dé. Mo kọ́kọ́ ń fi hóòsì wọ́n ọn láàárọ̀ lálẹ́, pọ́ǹpù ń fa, kànga ń lọ sílẹ̀, mo rò pé ó máa tó, àfi lọ́jọ́ kan tí pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ di tánkà omi. Ti àkọ́kọ́ mo san, ti ìkejì mo san, nígbà tó kan ìkẹta ìyàwó mi fúnra ẹ̀ ló bi mí pé "Bàbá Ṣadé, ṣé koríko la fẹ́ máa bomi fún ni àbí àwọn ọmọ?" Mo dákẹ́. Báyìí ó ti gbẹ, tẹ́ ẹ bá ń rìn lórí ẹ̀ ó ń dún bíi gúgúrú.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé lẹ́yìn fẹ́ǹsì mi, nínú pápá tẹ́nikẹ́ni ò bu ife omi kan sí, àwọn igi kúkúrú kan wà ńbẹ̀ tí ewé wọn ṣì tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ṣé ó ní èyí tó lè ṣe báyìí nínú ilé èèyàn?

Landlady_Sábó | Sátidé, 8:02 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ bọ̀ọ̀dá. Gúgúrú yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ìkìlọ̀ ni tèmi o, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kó igbó wọlé. Igbó tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn fẹ́ǹsì yẹn, ejò ló ni ín. Èmi da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ojúde tèmi, mo gbé ìkòkò fúláwà mẹ́ta síbẹ̀, ó parí. Ẹni tí ooru bá ń mú kó bọ́ sábẹ́ fáànù.

Akẹ́kọ̀ọ́UnderG | Sátidé, 8:55 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ohun ọ̀gbìn ni mò ń kọ́ ní LAUTECH, ẹ jẹ́ n bá bọ̀ọ̀dá ṣe ìṣirò kan kí wọ́n lè mọ̀ pé kànga wọn ò ṣẹ̀ wọ́n. Omi tó ga tó milímítà kan lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú mítà kan lóròó, lítà kan ni. Koríko tútù tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń bá jà lápá ọ̀dọ̀ wa lè mu nǹkan bíi milímítà 4 sí 6 lójúmọ́, ẹ jẹ́ ká mú 5. Ojúde wọn, mítà 10 lọ́nà 12, jẹ́ mítà 120 níbùú lóròó. 120 lọ́nà 5, ó di lítà 600. Ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́rìnlélógún, lójoojúmọ́ o, láti oṣù kọkànlá títí òjò á fi padà dé. Kànga wo ló fẹ́ gba ìyẹn?

Ẹ tún wá wo ibi táwọn fúláwà yẹn ti wá. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, ilẹ̀ olójò ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, gbòǹgbò ẹ̀ ò jìn, òjìji ló fẹ́ràn. Masquerade, Íńdíà àti Sri Lanka. Ìxora pupa yẹn náà, apá ibẹ̀ yẹn ni. Yellow bush tí gbogbo ilé epo ń gbìn, Amẹ́ríkà. Kò sí èyí tí ọyẹ́ wa tọ́ dàgbà nínú wọn. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé èyí tá à ń pè ní Bahama grass gan-an ló bá ilẹ̀ Áfíríkà tan, ó lè gbẹ ráúráú lẹ́ẹ̀rùn kó tún rú bí òjò bá kàn án, àmọ́ àwọn èèyàn ò kà á sí, wọ́n ní koríko pápá ni.

TòkunbọLogan | Sátidé, 2:31 ọ̀sán

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ni mí, ṣùgbọ́n Logan ní Utah ni mo wà báyìí, yìnyín bo gbogbo ẹnu ọ̀nà mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ má jẹ́ kí yìnyín tàn yín o, Utah ló ṣìkejì nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó gbẹ jù ní Amẹ́ríkà, Nevada nìkan ló gbẹ jù ú lọ, síbẹ̀ ojúde gbogbo èèyàn kún fún koríko tútù, ju ìdajì omi tí ilé kan ń lò lọ́dún ló ń lọ sórí koríko àti fúláwà. Adágún iyọ̀ ńlá tó wà níbí, Great Salt Lake, wọn ò rí i kó lọ sílẹ̀ tó bó ṣe lọ sílẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2022 látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá di iṣẹ́ ìwádìí. Utah State University tó wà nílùú mi níbí ní ibùdó kan tó jẹ́ pé ojúde tí kì í jẹ omi ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ń gun òkè lọ wá àwọn igi kúkúrú tó ń hù nínú àpáta, wọ́n á mú irúgbìn wọn wá, wọ́n á wò ó bóyá ó lè gbé ojúde èèyàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìtàn igi kan tó ń jẹ́ Shepherdia rotundifolia. Ewé ẹ̀ funfun bíi fàdákà, irun wẹ́wẹ́ ló bò ó tó ń ta oòrùn padà. Kò sí bí ilẹ̀ ṣe lè gbẹ tó tí kò ní gbé e. Ẹ wá mú un wá sójúde, ẹ bu omi fún un, ẹ bu ajílẹ̀ sí i, ó kú! Ó ti fi ìyà kọ́ ara, ìgbádùn ló ń pa á. Wọ́n wá da òun àti ìbátan ẹ̀ tó ń gbé etí odò, Shepherdia argentea, pọ̀, wọ́n bí ọmọ kan tí wọ́n sọ ní Torrey, òun ní ewé fàdákà bíi ti ẹni àkọ́kọ́, ó sì lè fara da ilẹ̀ ojúde bíi ti èkejì. Méjèèjì ní kókó kan ní gbòǹgbò níbi tí kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé, tó ń bá wọn sọ afẹ́fẹ́ di oúnjẹ, bíi ti ẹ̀wà àti ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìbátan ẹ̀wà rárá.

Ilé iṣẹ́ omi ìlú Denver ló dá orúkọ Xeriscape sílẹ̀ fún irú ojúde báyìí lọ́dún 1981. Ní Las Vegas, wọ́n wọn omi tí àwọn ilé kan ń lò fún ọdún mélòó kan: koríko ń mu gálọ́ọ̀nù 73 lọ́dún lórí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, ojúde onígi aláìmomi ń mu nǹkan bíi 17. Ìjọba ibẹ̀ ń san owó fẹ́ni tó bá hú koríko ẹ̀ dànù. Lọ́dún 2021 wọ́n tún ṣòfin pé bó bá ti di 2027, koríko tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀, irú èyí tó ń wà láàárín títì àti iwájú ọ́fíìsì, kò gbọdọ̀ mu omi odò Colorado mọ́. Ẹ hú u o jàre, bọ̀ọ̀dá.

AráÌṣokùn | Sátidé, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kí yín. Ìtàn Tòkunbọ̀ dùn, mo gbádùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Las Vegas, òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ ò ju nǹkan bíi milímítà 100 lọ. Tiwa níbí tó 1,200, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa kì í ṣe aṣálẹ̀! Òjò tiwa pọ̀, ìṣòro wa ni pé ó máa ń dà wá láàmú fóṣù méje tán, ó wá máa kọ̀yìn sí wa fóṣù mẹ́rin márùn-ún. Igi tí à ń wá ní láti lè dúró nínú omi oṣù kẹsàn-án, kó tún dúró nínú ọyẹ́ oṣù kìíní. Cactus, igi ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀, tí wọ́n ń gbìn sínú òkúta wẹ́wẹ́ ní Nevada, òjò oṣù kẹsàn-án wa á sọ ọ́ di jíjẹrà. Òkúta wẹ́wẹ́ yẹn gan-an, ẹ da sójúde kẹ́ ẹ wá jókòó ní fàráńdà laago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ máa rò pé inú ààrò lẹ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ igi tó lè ṣe méjèèjì, kó wo ọ̀dàn, ìyẹn pápá koríko tí igi wà nínú ẹ̀. Ọ́fíìsì páàkì Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, ìlú wa níbí ló wà, páàkì ọ̀hún fẹ̀ ju kìlómítà 2,500 níbùú lóròó lọ. Nígbà tí mo bá wọn wọbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn kan, iná ti jó gbogbo koríko tán, ilẹ̀ dúdú, àfi àwọn igi kéékèèké tí wọ́n ti ń rúwé tuntun láìtíì kan òjò. Mo bèèrè lọ́wọ́ géédì pé kí ló ń fún wọn lómi, ó ní "ìsàlẹ̀." (Kí ẹnikẹ́ni má lọ hú nǹkan kan níbẹ̀ o, òfin wà.)

MàmáEléwé | Sátidé, 7:45 alẹ́

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ̀yin ọmọdé ìwòyí, ẹ ń pe igi yín ní igbó. Èyí tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn fẹ́ǹsì yẹn, bó bá ní ewé tó là sí méjì bíi pátákò màlúù, àbàfẹ̀ ni. Ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n nǹkan ni, epo igi ẹ̀ tún dára fún okùn. Bó bá jẹ́ èyí tí èèpo ara ẹ̀ pupa bí ìpẹtà, tó ń so èso pupa tó dà bí labalábá, orúpa ni. Èyí tó ń so èso olómi ọsàn tó ń ta sánsán bó bá pọ́n, àbo ni, àwa jẹ ẹ́ dàgbà. Ìrà náà wà ńbẹ̀. Àsùnwọ̀n ìbílẹ̀ wà, òdòdó ẹ̀ pupa rúsúrúsú bíi pupa inú ẹyin, mo ń rí i lójúde àwọn olówó tí wọ́n gbin àsùnwọ̀n òyìnbó dípò ẹ̀, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ́fẹ́yẹjẹ, ẹyẹ á wá bá yín ṣeré láàárọ̀. Akòko àti pèrègún, ṣé àwọn náà ní kí n máa kọ́ yín? Fẹ́ǹsì tí bàbá mi fi pèrègún ṣe kí n tó lọ sílé ọkọ ṣì wà ńbẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ta ló ń bomi rin ín?

Àmọ́ ẹ má lọ kó ewé Akíntọ́lá wá o. Kì í ṣe tiwa, òkè òkun ló ti wá, bó bá ti wọ ibì kan kò ní fún ẹlòmíì láyè mọ́. Mo mọ̀ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

ỌmọAjílété | Sátidé, 8:20 alẹ́

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ti ewé Akíntọ́lá yẹn, a ti gbọ́, Prẹ́míà wa ni, ẹ jẹ́ kó sùn jẹ́jẹ́ 😂

Mo ti lọ wò ó lẹ́yìn fẹ́ǹsì kílẹ̀ tó ṣú. Pátákò màlúù ni lóòótọ́. Níbo ni mo ti lè ra á?

FúláwàTákìé | Àìkú, 6:50 àárọ̀

Èmi ni mò ń tà fúláwà, ẹ jẹ́ n dá a lóhùn kí wọ́n má lọ máa bú wa. Ẹ ò lè rí i rà. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi, fóònù ló máa nà sí mi, ó ní "irú èyí ni mo fẹ́", masquerade ni, ìxora ni. Bí mo bá gbé orúpa sínú náílọ́nù tí mo ní kó san ẹgbẹ̀rún méjì, ṣé ẹ mọ èébú tí màá gbọ́? Wọ́n á ní mo hú igbó tà fáwọn. Ẹ wá gbọ́ èyí o. Mò ń ta snake plant nínú ìkòkò funfun, wọ́n ń du ara wọn lé e lórí. Lọ́jọ́ kan màmá kan láti Ìkòyí Ilé bá mi níṣọ̀, ó wò ó títí, ó ní "Ọmọ mi, ṣé ọ̀já ìkookò lo ń tà ní ₦4,000 yìí?" Ojú tì mí. Ọ̀já ìkookò náà ni!

Mo ti gbìyànjú àbàfẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, mo gbin irúgbìn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, oṣù méjì kò hù. Ti ìkejì mo fi sí náílọ́nù kékeré, ó hù, àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀ gùn ju náílọ́nù lọ, ó ká ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí okùn, nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ kò dàgbà.

Akẹ́kọ̀ọ́UnderG | Àìkú, 10:15 àárọ̀

Àǹtí FúláwàTákìé, ibi tẹ́ ẹ dé yẹn gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí wà, gbogbo èèyàn mọ̀ pé igi wa lágbára, bí wọ́n ṣe máa bí i lọ́pọ̀ yanturu fún títà ni wọn ò mọ̀. Irúgbìn àbàfẹ̀ ní awọ líle, omi ò lè wọ inú ẹ̀. Nínú oko, màlúù àti ẹranko ló ń jẹ èso ẹ̀, tí wọ́n á yà á jáde. Àwa lè fi sándípépà fá a díẹ̀ tàbí ká fi nail cutter gé etí ẹ̀ kan, kì í ṣe apá ojú ẹ̀ o, ká wá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Àwọn míì ń da omi gbígbóná lé e. Náílọ́nù kúkúrú, ẹ jù ú nù. Ike omi lítà kan àbọ̀ tẹ́ ẹ gé ìdí ẹ̀ ló dáa, kí gbòǹgbò lè lọ tààrà.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àbàfẹ̀ rèé. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, igi méjì kan wà nínú oko àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan ni Guiera senegalensis, èkejì ni Piliostigma reticulatum, àbúrò àbàfẹ̀ wa tó ń jẹ́ Piliostigma thonningii. Kí òjò tó dé lọ́dọọdún àwọn àgbẹ̀ máa ń gé wọn, wọ́n á sì sun ún. Àwọn onímọ̀ láti Ohio State pẹ̀lú àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà wá ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lórí wọn. Wọ́n rí i pé gbòǹgbò wọn ń lọ jìnnà síbi tí ilẹ̀ tutù. Lọ́sàn-án ewé ń fa omi lọ sókè. Bílẹ̀ bá ti ṣú, tí ihò ara ewé pa dé, omi kì í dúró, á gba gbòǹgbò ìsàlẹ̀ wá sókè, á jò jáde lára gbòǹgbò òkè sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Igi yẹn ń pọn omi lóru! Wọ́n ń pè é ní hydraulic lift. Ní ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn wọ́n fi omi tí wọ́n ti sàmì sí fún gbòǹgbò Guiera tó wà nísàlẹ̀, ìgbà tó yá wọ́n bá àmì omi yẹn lára jéró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Jéró tó wà nítòsí igi yẹn la ọ̀dá já ju èyí tó dá dúró lọ.

Ìyẹn ò wá ní pé àbàfẹ̀ á máa pọn omi fún kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì o, kí bọ̀ọ̀dá má gbà á síbẹ̀.

Landlady_Sábó | Àìkú, 1:30 ọ̀sán

Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Igi tó ń pọn omi lóru. Ẹ máa bá a lọ. Ejò mi ńkọ́?

AráÌṣokùn | Àìkú, 2:05 ọ̀sán

Màmá Sábó, ejò kì í wá nítorí igi, eku ló ń wá àti ibi tó máa sá sí. Ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi sókè dé orúnkún kí abẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má kó bíríkì àti pákó jọ sídìí ẹ̀, ẹ má da èérí síbẹ̀. Ìxora tí wọ́n gé ní bọ́ọ̀lù tó ki mọ́lẹ̀ gan-an ni ejò fẹ́ràn láti sùn sí ju àbàfẹ̀ tí a gbé sókè lọ. Bọmubọmu ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù bẹ́ ẹ bá ní ọmọ kékeré, ọyẹ́ ò mú un rárá, òun ni àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà, àmọ́ oje ẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ojú.

TòkunbọLogan | Àìkú, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ gígé àti sísun tí àbúrò sọ yẹn rán mi létí nǹkan. Ọ̀gbẹ́ni ará Ọsirélíà kan wà, Tony Rinaudo, ó wà ní Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sókè, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbin igi. Igi tó ń gbìn ń kú ṣáá. Lọ́jọ́ kan lọ́dún 1983 ó dúró lọ́nà láti tú afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ ẹ̀ kó lè gba orí iyanrìn, ojú ẹ̀ wá bọ́ sára igbó kúkúrú kan, ó wo ewé ẹ̀ dáadáa, ó rí i pé kì í ṣe igbó, kùkùté igi ni, igi tí wọ́n gé tó tún ń rú! Gbogbo pápá yẹn kún fún igi, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ló bá ní káwọn àgbẹ̀ má gbin igi kankan mọ́, kí wọ́n kàn yan ọmọ igi mélòó kan lórí kùkùté, kí wọ́n gé ìyókù, kí wọ́n sì dá a sí. Ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà ló padà ní igi ní Niger nípa ọgbọ́n yẹn. Wọ́n fún un ní Right Livelihood Award lọ́dún 2018.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ ní wọ́n ṣán ilẹ̀ yín kí wọ́n tó tẹ́ koríko. Kí ni wọ́n ṣán?

ỌmọAjílété | Àìkú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dúró ná.

ỌmọAjílété | Àìkú, 7:12 alẹ́

Mo ti mú tọ́ọ̀ṣì jáde. Ẹ gbà mí o. Nínú kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì tó kú yẹn, ohun kan máa ń yọ orí jáde láàárín ẹ̀ látoṣù kẹjọ, mo máa ń fi àdá gé e ní gbogbo Sátidé, mo tún ń ṣépè fún un pé ó ń ba koríko mi jẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó báyìí, pátákò màlúù ni. Kùkùté mẹ́fà ni mo kà níwájú, mẹ́ta nítòsí sọ́kàwéè. Ọ̀kan ní èèpo pupa tí màmá sọ. Ìyàwó mi dúró ní fàráńdà, ó ní ta ni mò ń wá lábẹ́ ilẹ̀.

Mo sanwó kí wọ́n ṣán an, mo sanwó kí wọ́n gbin òmíì, mo tún ra omi. Mo ti lọ jókòó.

MàmáEléwé | Àìkú, 8:00 alẹ́

Ó ti ń pè yín látọjọ́ yìí.

FúláwàTákìé | Ajé, 7:20 àárọ̀

Bọ̀ọ̀dá ẹ má jókòó o jàre 😂 Ẹ gé koríko òkú yẹn kúrò ní mítà kan yí ìdí kùkùté kọ̀ọ̀kan ká. Bó bá ní ọmọ mẹ́jọ lórí, ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta tó dúró gangan sílẹ̀, ẹ fi sẹkitíà, àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ẹ̀ka, gé ìyókù, ẹ má fà á ya. Ẹ wá kó ewé kaṣú gbígbẹ tàbí èèpo ẹ̀pà bo ìdí ẹ̀, kó nípọn tó ọwọ́ ìka mẹ́rin, kó má fara kan igi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn kó yá, ẹ bu omi kẹ́ẹ̀gì ìdajì sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ kó wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ má wọ́n ọn lójoojúmọ́, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi lókè. Kùkùté tó ti gbó kò tiẹ̀ fi dandan fẹ́ omi yẹn. Ọmọ tuntun tẹ́ ẹ gbìn látinú irúgbìn nìkan ló fẹ́ ìtọ́jú ọdún kan sí méjì kó tó lè dá dúró, ẹni tó bá ní ẹ gbin igi ìbílẹ̀ kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ látọjọ́ kìíní, irọ́ ló ń pa.

Ewúrẹ́ àdúgbò ńkọ́? Géètì yín kò gbọdọ̀ ṣí.

AráÌṣokùn | Ajé, 9:03 àárọ̀

Kí n fi èyí kún un. Páànù ilé yín, bó bá bo ilẹ̀ 100 mítà níbùú lóròó, òjò milímítà 10 kan ṣoṣo, ìyẹn òjò ọ̀sán kan, ń da nǹkan bíi lítà 1,000 sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ń gba gọ́tà lọ sílé aládùúgbò. Tó bá di oṣù kẹta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò tí kò jìn ju orúnkún lọ síbi tí omi páànù ń já sí, ẹ fi òkúta àti ewé sínú ẹ̀, ẹ fi sí òkè ibi táwọn kùkùté wà, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ní mítà mẹ́ta ó kéré tán. Abẹ́ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe tánkì. Bí yangí bá wà nísàlẹ̀, ẹ fi díígà fọ́ ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á dúró síbẹ̀ fẹ́fọn.

ỌmọAjílété | Sátidé, oṣù kẹta, 6:58 àárọ̀

Mo ní kí n fi tó yín létí. Òjò kò tíì rọ̀ lọ́dọ̀ wa o, kànga ṣì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án kùkùté yẹn ti rúwé. Àwọn tí mo bomi fún àtàwọn tí mi ò bomi fún, n ò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Èyí tó ga jù ti dé orúnkún mi. Orúpa ń mú ewé pupa fẹ́ẹ́rẹ́ jáde kó tó di àwọ̀ ewé, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i, ó ní irú èyí lòun ń sọ. N ò bá a jiyàn.

Ìkẹsàn-án ni ewúrẹ́ jẹ. Àǹtí, géètì ṣí lọ́jọ́ kan péré.

Masquerade méjì ló kú nínú mẹ́rin, méjì tó kù mo fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò ṣẹ̀ mí. Ìxora tó kù mo kó wọn jọ sẹ́bàá ibi tí omi ìfọṣọ ń gbà, kí àwọn olómi máa gbé pọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì, mo fi tó yàrá kan sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tọ́mọ lè fi ṣeré, ìyẹn ò ju kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lójúmọ́ lọ. Ìyókù ewé kaṣú ló bò ó.

Mo tún gé etí irúgbìn àbàfẹ̀ ogún, mo gbìn wọ́n sínú ike omi bí àbúrò ṣe sọ. Mọ́kànlá ti hù.

Akẹ́kọ̀ọ́UnderG | Sátidé, 8:30 àárọ̀

Mọ́kànlá nínú ogún! Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀ọ̀dá, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ìkọ̀ọ̀kan hù sílẹ̀, èmi náà ń ṣe irú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi wéra. Ẹ má gbé wọn sílẹ̀ kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ o, òjò àkọ́rọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ.

Landlady_Sábó | Sátidé, 11:47 àárọ̀

Mo kọjá lọ́nà Ìlọrin lánàá, mo rí ilé yín láti inú ọkọ̀, mo mọ̀ ọ́n nítorí ewé pupa yẹn. Ooru ti fẹ́ pa mí lórí sìmẹ́ńtì níbí. Bọ̀ọ̀dá, nínú mọ́kànlá yẹn, ẹ bá mi fi ọ̀kan pamọ́, ìkòkò mi kan ti ṣófo.

ỌmọAjílété | Sátidé, 12:15 ọ̀sán

Méjì ni màá fún yín, màmá. Àmọ́ kò ní gbé ìkòkò o. Ẹ lọ wá ẹni tó máa bá yín fọ́ sìmẹ́ńtì.